Oògùn Tí Kì Í Múni Sùn

"Rọra, Bàbá Òkè. Rọra. Sọ́tùn-ún díẹ̀ sí i. Rọra."

Awakọ̀ kíréènì náà fi ìka méjì ti ọ̀pá ìdarí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ tuntun ń sùn sí. Apá irin gígùn náà yí sọ́tùn-ún. Táńkì omi tó so rọ̀ lẹ́nu ìkọ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó ń fì díẹ̀díẹ̀. Táńkì náà tóbi tó yàrá kan, irin ni látòkè délẹ̀, orí òrùlé ilé gíga tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n sì fẹ́ gbé e kà. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta ti dúró lórí òrùlé náà, wọ́n gbójú sókè, wọ́n nawọ́, wọ́n ń retí rẹ̀.

"Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró. Atẹ́gùn ń bọ̀."

Ó dúró. Ó ti mọ̀ pé atẹ́gùn ń bọ̀ kí ohùn obìnrin náà tó sọ ọ́ nínú rédíò, nítorí yàrá onígíláàsì tó jókòó sí lókè kíréènì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ohun tí kò yé e ni ohun tó ń mi ọwọ́ òun fúnra rẹ̀. Ó wo ìka rẹ̀ lórí ọ̀pá ìdarí: wọ́n ń gbọ̀n. Àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì bí àyà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àkàbà tán, bẹ́ẹ̀ orí ìjókòó ló wà láti àárọ̀. Ihò imú rẹ̀ kan ti dí pátápátá. Èkejì ń súfèé.

Ó yọ ìgò pénpé kan láti inú àpò, ó fín in sí ihò imú méjèèjì, ó fà á wọlé, ó sì dá ìgò padà sápò kí atẹ́gùn náà tó kọjá.

"Bàbá Òkè, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Níbo ni mo tún fẹ́ lọ?"

"Mo ní bóyá ẹ ti kọjá lọ sọ́run ni. Ibi tẹ́ ẹ wà yẹn, ìgbésẹ̀ kan ló kù."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lórí rédíò, bóyá ọ̀kan nínú àwọn ará orí òrùlé. Awakọ̀ kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn.

Obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ yìí ló ń darí ẹrù láti ìsàlẹ̀. Ẹni tó wà lókè kíréènì kì í sábà rí ibi tí ẹrù rẹ̀ fẹ́ balẹ̀ sí. Ojú ẹni tó wà nílẹ̀ ló fi ń ríran. "Rọra" ni obìnrin náà máa ń tẹnu mọ́ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, nítorí náà gbogbo ibi iṣẹ́ ń pè é ní Ìyá Rọra. Òun ló sọ awakọ̀ ní Bàbá Òkè. Ó ní ẹni tí gbogbo ènìyàn ń gbójú sókè bẹ̀ pé kó sọ nǹkan kalẹ̀, kí ni kí wọ́n tún máa pè é? Àwọn tó ń di irin gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bí irin bá tán lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ní, "Bàbá Òkè, ẹ dákun, ẹ gbọ́ àdúrà wa."

Síbẹ̀, òun àti Ìyá Rọra kì í ríra. Ó máa ń gòkè kí àwọn yòókù tó dé, nítorí àkàbà náà gùn. Ó sì máa ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti lọ tán. Láti òkè, akoto aláwọ̀ ewé ni obìnrin náà, kò ju ọsàn àìpọ́n kan lọ. Bí wọ́n bá fara gbúnra lójú pópó, kò ní dá a mọ̀, àfi bó bá sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ló mọ̀. Ó mọ̀ ọ́n bí kò bá tíì jẹun, ó mọ̀ ọ́n bí inú bá ń bí i sí fóòmàn. Nínú gbogbo ohùn tó kù nílé ayé, ohùn yìí nìkan ló ń béèrè rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí wà lọ́nà jíjìn lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Ó ń pè é lórí fóònù; wọ́n á kíra, wọ́n á béèrè àlàáfíà, ọ̀rọ̀ á tán, àwọn méjèèjì á wá máa gbọ́ èémí ara wọn títí ọ̀kan á fi ní ó dàbọ̀. Yàrá kan ni awakọ̀ ń gbé, pẹ̀lú ibùsùn kan, àga kan àti abọ́ kan. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà láyé, kò mọ orúkọ oògùn kankan. Obìnrin náà ló ń rà á, òun ló ń ka ara páálí, òun ló ń fi sí i lọ́wọ́. "La ẹnu rẹ. Gbé e mì. Má wò mí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe májèlé." Nígbà tí ó kú, kò sẹ́ni tó ń ka ara páálí mọ́.

Ìdí nìyí tí awakọ̀ fi fẹ́ràn òkè. Lókè, bí ènìyàn bá dá wà, iṣẹ́ ni. Nílẹ̀, bí ènìyàn bá dá wà, ó dá wà náà ni.

Òkè yìí gan-an ló sì fẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó pẹ́ tí nọ́ọ̀sì ibi iṣẹ́ ti mọ̀ pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ń lo oògùn rẹ̀ láràárọ̀, ẹ̀jẹ̀ náà sì ti fara balẹ̀. Àfi bí nọ́ọ̀sì ṣe wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá tó rí i pé ó ti ga. Ó tún un wọ̀n. Ó tú ọ̀já rọ́bà kúrò lápá rẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, eléyìí ò dára o. Ṣé ẹ tún ń lo oògùn mìíràn ni?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ ń sùn?"

"Mò ń sùn."

Èsì àkọ́kọ́ kì í ṣe òótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ̀. Èkejì, ó mọ̀ dáadáa pé irọ́ ni.

"Kò tíì dé ibi tí òfin ti ní kẹ́ ẹ má gòkè, ṣùgbọ́n ó ń lọ síbẹ̀. Ẹ ó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó bá tún rí báyìí, tàbí tó jù báyìí lọ, ẹ ó fi kíréènì sílẹ̀, ẹlòmíràn á gùn ún. Mi ò ní dúró kẹ́ ẹ sọ irin lu ọmọ ọlọ́mọ."

Fóòmàn ti sọ iṣẹ́ tí wọ́n máa fún un nílẹ̀: kó máa ṣọ́ sìmẹ́ńtì. Kó jókòó ti àwọn àpò sìmẹ́ńtì nínú ilé páànù, kó máa wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí rédíò níbẹ̀.

Òní ni ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì dá. Bí wọ́n bá ti gbé táńkì yìí kalẹ̀ tán, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló kàn.

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò sì ju ọ̀fìnkìn lọ níbẹ̀rẹ̀. Imú dí, orí wúwo, ohùn yí padà. Ẹlòmíràn ì bá mu omi gbígbóná, kó sùn, kó jẹ́ kó kọjá. Ṣùgbọ́n awakọ̀ kíréènì ní òfin kan tó mọ̀ bí ẹni mọ orúkọ bàbá rẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lo oògùn tó ń múni sùn kó sì gòkè. Ọkùnrin tó wà lórí kíréènì yìí ṣáájú rẹ̀ lo oògùn ikọ́, ó sì tòògbé pẹ̀lú ìdì irin lẹ́nu ìkọ́. Ọjọ́ náà ni wọ́n lé e. Nítorí náà, nígbà tí awakọ̀ wọ ilé ìtajà oògùn, ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀.

"Ẹ fún mi ní oògùn ọ̀fìnkìn. Èyí tí kì í múni sùn ni o."

Apòògùn, obìnrin kan tó fi awò ojú rọ̀ mọ́ ọrùn, wò ó látòkè délẹ̀. "Ṣé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru?"

"Rárá."

Lójú ara rẹ̀, kò parọ́. Ó gbà pé ẹni tó bá ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru mọ́, gẹ́gẹ́ bí ebi kì í ti í pa ẹni tó ti jẹun. Àìmọ̀kan ni. Àìmọ̀kan kì í sì í tọrọ àyè kó tó jókòó.

Ìgò tí wọ́n ń fín sí imú ni apòògùn náà fún un. "Ẹ má lò ó kọjá ọjọ́ mẹ́ta, bó pẹ́ tán, márùn-ún. Bí imú ò bá là, ẹ má fi kún un. Ẹ lọ rí dókítà."

"Mo ti gbọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Gbígbọ́ yàtọ̀ sí gbígbà. Nígbà àkọ́kọ́ tó fín in, imú là gbàà, ó sì gbóòórùn ìrọ̀rí rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó fín in ní ọjọ́ kejì, ó fín in ní ọjọ́ kẹta, ó kọjá ìwọ̀n tí wọ́n fún un, kò sì dúró. Bó bá ti fẹ́ dá a dúró, imú á dí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bó bá fín in, á là fún ìgbà díẹ̀, á tún dí. Ó wá dà bí ilẹ̀kùn tí ẹni tó ṣí i kò lè fi sílẹ̀.

Kò padà sọ́dọ̀ apòògùn, nítorí ó mọ ohun tí obìnrin náà máa sọ. Ilé ìtajà mìíràn ló lọ, ibi tí wọn kì í ti í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó bá ti mú owó dání. "Èyí tí kì í múni sùn," ló tún wí. Wọ́n fún un ní oníhóró. Nígbà tí ara ń ro ó, ó tún ra ẹlẹ́bu tí wọ́n ń pò mọ́ omi gbígbóná, ó ní ti ara ríro ni tiẹ̀. Kò sùn mọ́. Ó ń dùbúlẹ̀, ó ń lajú sílẹ̀, àyà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ tí wọ́n gbàgbé láti pa.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga, ó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò bí ẹni tó ń yẹ ẹ̀rọ wò. Ẹni tí imú rẹ̀ dí, agbára ló fi ń mí. Ẹni tó ń fi agbára mí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ru. Nítorí náà, bí imú bá là, ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá lójú rẹ̀. Kò sí ẹnìkan nínú yàrá tó ń gbé tó máa bi í pé ta ló sọ fún un.

Láàárọ̀ yìí, nítorí ọjọ́ ìwọ̀n, ó fi kún un. Ó gbé oníhóró mì, ó mu ẹlẹ́bu, ó fín ti inú ìgò, ó sì gun àkàbà.

"Atẹ́gùn ti kọjá," ni Ìyá Rọra wí. "Ẹ máa bọ̀. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Rọra."

Ó fa ọ̀pá kejì. Táńkì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ sórí òrùlé. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà na ọwọ́ sí i. Lójijì ni ọwọ́ awakọ̀ fò, bí ọwọ́ ẹni tí kòkòrò ta, ọ̀pá ìdarí sì tẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Apá kíréènì já sọ́tùn-ún. Táńkì náà fì lọ, ó fì bọ̀, àwọn ọkùnrin mẹ́ta sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí òrùlé. Ó kọjá lórí wọn, ó tún padà.

Awakọ̀ dá apá irin náà padà tẹ̀ lé fífì táńkì, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ti kọ́ ọ, títí táńkì fi dúró jẹ́ẹ́. Ó gbé e sókè kúrò lórí wọn. Òógùn ń ṣàn wọ ojú rẹ̀.

"Bàbá Òkè, kí nìyẹn?"

"Atẹ́gùn ni."

"Atẹ́gùn kọ́. Mo mọ atẹ́gùn. Ọ̀rá tí mo so mọ́ irin níbí ò mì rárá." Ohùn náà rẹlẹ̀. "Ohùn yín ò sì rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti bí ọjọ́ mélòó kan ni mo ti ń gbọ́ ọ. Kí ló ń ṣe yín?"

Awakọ̀ di rédíò mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Bó bá ní kò sí nǹkan, wọ́n á gbà á gbọ́, nítorí kò sí ẹlòmíràn lókè tó lè jẹ́rìí. Ó lè gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Bóyá ọwọ́ náà á dúró. Bó bá sì la ẹnu sọ ọ́, fóòmàn á gbọ́, nọ́ọ̀sì á gbọ́, ilé páànù àti àpò sìmẹ́ńtì ló kù. Ó wo ìsàlẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà ti dìde, ó ń gbọn eruku ṣòkòtò rẹ̀, ó tún ti gbójú sókè, ó tún ti nawọ́.

Nínà ọwọ́ náà ni kò lè fara dà.

"Ìyá Rọra," ló wí, "ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Àyà mi ń sáré, mi ò lè dá a dúró. Lé àwọn ọkùnrin yẹn kúrò lábẹ́ rẹ̀."

Ìyá Rọra pariwo sórí rédíò.

"Ẹ̀yin ará orí òrùlé, ẹ wọlé. Nísinsìnyí. Ẹ má wẹ̀yìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ẹ̀gbẹ́ pópó, ẹ kúrò níbẹ̀." Lẹ́yìn náà, ó wí pẹ̀lú ohùn mìíràn, "Ilẹ̀ gbalasa ẹ̀yìn ilé ló ṣófo, Bàbá. Ibẹ̀ la máa gbé e lọ. Nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má pa méjì pọ̀."

Ohùn fóòmàn bẹ́ wọlé. "Ta ló ní kí wọ́n gbé táńkì padà? Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn tó fẹ́ jó irin rẹ̀ mọ́ òrùlé ti ń dúró láti àárọ̀? Orí òrùlé ni mo ní!"

"Fóòmàn, ẹ kúrò lẹ́nu rédíò yìí. Bí ẹ bá fẹ́ẹ́ gbé e fúnra yín, àkàbà nìyẹn."



Awakọ̀ yí apá kíréènì sẹ́yìn ilé, ó dúró. Ó jẹ́ kí fífì rẹ̀ tán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ ọ́ kalẹ̀. "Rọra," ni obìnrin náà ń wí, "rọra, ó ku bí igi mẹ́ta, ó ku bí igi méjì, rọra, ó ku bí ènìyàn kan, rọra." Nígbà tí táńkì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ìró rẹ̀ kò ju ti ẹni tó gbé agbada kalẹ̀ lọ. Ó rí akoto aláwọ̀ ewé náà tó súnmọ́ ọn, tó tú okùn irin kúrò lára rẹ̀. Ìkọ́ ṣófo.

"Ó ti kalẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má tíì sọ̀ kalẹ̀ o. Nọ́ọ̀sì ti dé, ó fẹ́ẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

"Bàbá, èmi nìyí. Ẹ gbé ọwọ́ kúrò lára gbogbo nǹkan. Ṣé àyà ń dùn yín?"

"Kò dùn mí. Ó kàn ń sáré ni."

"Ṣé ẹ lè gbé apá méjèèjì sókè? Ṣé ojú ń ríran?"

"Mo gbé e. Mò ń ríran."

"Ó dáa. Kí lẹ lò láàárọ̀?"

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi."

"Kí tún ni?"

"Kò sí."

"Bàbá Òkè," ni Ìyá Rọra gbà á lẹ́nu wọn, "imú yín ló ń sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí, ẹnu yín kọ́. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì."

"Ọ̀fìnkìn lásán ni. Oògùn ọ̀fìnkìn ni mo lò."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Oògùn ọ̀fìnkìn kì í wá ṣe oògùn mọ́?" ni nọ́ọ̀sì wí. "Mélòó?"

Ó tú wọn jáde láti inú báàgì oúnjẹ rẹ̀ sórí itan. Ó dárúkọ wọn: oníhóró, ẹlẹ́bu, ìgò tí wọ́n ń fín. Nọ́ọ̀sì ní kó wo ìsàlẹ̀ orúkọ gàdàgbà tó wà lára páálí, orúkọ kékeré kan wà níbẹ̀, kó ka lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ka ti oníhóró. Ọ̀rọ̀ náà gùn, ó kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ti ẹlẹ́bu, ó dé àárín, ó dákẹ́.

"Ẹ máa kà á."

"Orúkọ kan náà ni."

"Mo mọ̀. Aṣọ ló yàtọ̀, ara kan náà ni. Oògùn kan náà lẹ lò lọ́nà méjì, ẹ tún wá fín ìbátan rẹ̀ sí imú. Bàbá, ẹ fetí sílẹ̀. Kì í ṣe ìdọ̀tí ló dí imú yín. Ẹran inú rẹ̀ ló wú, nítorí ẹ̀jẹ̀ kún ibẹ̀. Oògùn yìí máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ kí wíwú náà lè lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tẹ́ ẹ gbé mì ò mọ̀ pé imú nìkan lẹ rán an sí. Gbogbo ara ló ń kiri, ó ń fún iṣan, ó ń gbá ọkàn lẹ́sẹ̀ pé kó sáré. Ẹni tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru lè lò ó kó lọ láìṣe é ní nǹkan kan. Ẹ̀yin ò gbọdọ̀ lò ó láìjẹ́ pé dókítà mọ̀."

"Mo ní kí wọ́n fún mi ní èyí tí kì í múni sùn."

"Wọn ò kúkú tàn yín. Kì í múni sùn. Òun ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn láti ọjọ́ yìí. Ṣé ẹ ń tọ̀ dáadáa?"

Awakọ̀ wo rédíò náà. "Nọ́ọ̀sì, gbogbo ibi iṣẹ́ ló ń gbọ́."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ṣé ẹ ń tọ̀?"

"Ó ń pẹ́ kó tó jáde."

"Oògùn yìí náà lè fà á."

Ẹnìkan nínú àwọn tó ń di irin kò lè pa á mọ́ra. "Bàbá Òkè, àbájọ tí òjò ò tètè rọ̀ lọ́dún yìí!"

Ẹ̀rín bú lórí rédíò láti orí òrùlé títí dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá Rọra dúró kó lọ sílẹ̀ díẹ̀. "Ẹni tó bá tún rẹ́rìn-ín," ló wí, "kó máa fi orí ru irin rẹ̀ gòkè lọ́la."

"Ta ló wà nílé?" ni nọ́ọ̀sì béèrè. "Ta ni mo lè sọ fún pé kó máa ṣọ́ ohun tẹ́ ẹ̀ ń lò?"

"Kò sí ẹnìkan."

Lẹ́yìn èyí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Rédíò kàn ń hó ṣíṣí. 

"Ẹ mu omi," ni nọ́ọ̀sì wí níkẹyìn. "Ẹ má fín nǹkan kan sí imú mọ́. Ẹ jókòó síbẹ̀ títí àyà yín yóò fi rọlẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà. Ẹni méjì á gòkè wá bá yín, wọ́n á máa sọ̀ kalẹ̀ níwájú yín."

"Ṣé mo tún máa gùn ún?"

 "Bó bá jẹ́ oògùn yìí nìkan ló gbé e ga, ó yẹ kó wálẹ̀ bẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀. Bó bá jẹ́ nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀, mi ò mọ̀. Dókítà ló máa sọ. Títí dìgbà náà, ẹ ò gùn ún. Mi ò lè tàn yín."

"Imú ńkọ́?"

"Ó máa dí. Ó máa dí ju bó ṣe ń dí lọ, á sì dà bíi pé kò ní là mọ́ láé. Ẹ má bẹ̀ ẹ́. Omi iyọ̀ kan wà tí wọ́n ń ta fún fífọ imú, kò ní oògùn nínú, màá fún yín. Ẹ fi ìrọ̀rí gbé orí sókè sùn. Á là fúnra rẹ̀."

Ó jókòó. Ó mu omi inú ìgò rẹ̀ tán. Láti ibi tó wà, ó ń rí òrùlé gbogbo àdúgbò, aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, obìnrin kan tó ń na ẹní ní ẹ̀yìn ilé. Díẹ̀díẹ̀ ni àyà rẹ̀ fi ìsáré sílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Nígbà tí ìka rẹ̀ dúró, ó ṣe gbogbo ohun tí ẹni tó ń fi kíréènì sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe. Ó fa ìkọ́ sókè tán. Ó fà á súnmọ́ òpó. Ó tú bíréèkì apá irin náà sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa yí i bó ti wù ú láìbì í ṣubú. Ó pa iná. Ó nu ìjókòó náà pẹ̀lú ọwọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí eruku lórí rẹ̀, kí ẹni tó bá gòkè lọ́la má bàa sọ pé onídọ̀tí ló wà níbẹ̀. Ó kó oògùn mẹ́ta náà sínú báàgì.

Àwọn méjì gòkè wá bá a. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń sinmi, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Nílẹ̀, nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n. Ó ga, ó ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Nọ́ọ̀sì gba báàgì náà, ó yọ oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò nínú rẹ̀, ó fi ìgò omi iyọ̀ rọ́pò wọn. Ó ní òun ti pe dókítà, dírẹ́bà iléeṣẹ́ ló máa gbé e lọ, kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ rìn.

Obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá nọ́ọ̀sì, ó gbé akoto aláwọ̀ ewé sábẹ́ apá. Ó kúrú ju bí awakọ̀ ti rò lọ, ewú sì ti wà lórí rẹ̀.

"Ẹ kú ewu," ló wí.

Ohùn náà ni. Awakọ̀ kò mọ ibi tó yẹ kó gbójú sí. "Ẹ ṣé," ló wí.

Wọ́n dúró. Láìsí ẹrù tó so rọ̀ láàárín wọn, kò sí ohun tí ọ̀kan lè sọ fún èkejì pé kó gbé sọ́tùn-ún tàbí sósì.

"Wọ́n ní ẹlòmíràn ló máa gòkè lọ́la," ni obìnrin náà wí.

"Bó bá jẹ́ ẹni tuntun, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lè máa yá jù lórí ọ̀pá ìdarí. Ẹ tètè máa sọ fún un."

"Màá sọ fún un."

Wọ́n pe obìnrin náà láti ibi táńkì pé kó wá wo okùn. Ó dé akoto rẹ̀, ó sì yára lọ. Awakọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń di irin. Ọ̀kan nínú wọn, ẹni tó fi òjò ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀, kúrò lọ́nà fún un, ó sì wolẹ̀. Dírẹ́bà ti ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀. Awakọ̀ bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀ tó kún fún ẹrẹ̀, ó wọ sálúbàtà, ó wọ inú ọkọ̀, ó gbé bàtà náà lé itan kó má bàa ba ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ jẹ́, ó sì ní kí dírẹ́bà máa lọ.